Ẹ̀kán Kan, Wákàtí Mẹ́rin-Mẹ́rin

Kì í ṣe ajá mi.
Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo ti di òyìnbó.
Ajá Ìyá Halínà ni, òdìkejì ògiri mi ní Saskatúùnù,
ìyá tí yìnyín gbé ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀,
tí egungun ìbàdí kán.
Bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀ aláìsàn
ló na kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Síkò," ló wí.
Ó tún wí i. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa:
ẹ̀yìnkùlé lajá ń sùn, lábẹ́ ọkọ̀ tó ti kú,
eegun ni tirẹ̀; òkò ni tirẹ̀ bó bá yọ imú sí yàrá.
Mo tẹ́ àpò ìrẹsì fún un lẹ́nu ọ̀nà ìdáná.
Mo ní, "Ààlà rèé o. O ò gbọdọ̀ kọjá."
Ó kàn ń wò mí.
Èdè Yúkíréènì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà.

Lọ́jọ́ kẹta ló lé ehoro wọ igbó ẹlẹ́gùn-ún létí rélùwéè.
Ehoro lọ. Síkò padà, ojú òsì ní dídì,
omi ń jò níbẹ̀ bí ẹ̀rọ tí a ò tì dáadáa,
ó ń fi ẹsẹ̀ ha á, ó ń ha á,
èmi ń pariwo, "Fi í sílẹ̀! Fi í sílẹ̀, jàre!"

Dókítà ẹran kán oògùn aláwọ̀ ọsàn sí i.
Ó pa iná, ó tan òmíràn tó dà bí aró,
ọgbẹ́ náà sì yọ lójú ẹyin ojú, ó tàn bí ewé,
ìlà kan ṣoṣo, bí ibi tí èékánná ti ya máńgòrò.
Ẹ̀kán kan ní wákàtí mẹ́rin. Lóru náà?
Lóru náà.
Wọ́n wá fi ike kọ́ ọ lọ́rùn. Àrọ ni!
Irú àrọ tí bàbá mi fi ń rọ kẹrosíìnì,
orí ajá wá dúró síbi tó yẹ kí epo gbà.
Ó ń fi kọlu ilẹ̀kùn, ó ń fi kọlu itan mi.
Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo wo owó tí mo san. Ẹ̀rín dúró.

Aago méjì òru.
Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo fi orúnkún há a,
mo fi ìka gbé ìpéǹpéjú sókè.
Ẹ̀kán àkọ́kọ́ bọ́ sí imú. Èkejì bọ́ sí mi lọ́wọ́.
Ẹ̀kẹta wọlé. Ara rẹ̀ gbọ̀n. Kò gé mi jẹ.
Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń wí pé, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, ó ti tán,"
mo wẹ̀yìn, bóyá ẹnìkan gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún ó kọjá ààlà.
Mi ò rí i. Tàbí mo rí i.
Àpò ìrẹsì wà níbi tí mo tẹ́ ẹ sí; ajá wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì,
àrọ rẹ̀ ń gba gbogbo ìró òru jọ fún un:
ọkọ̀ tó ń ha yìnyín ojú títì, rélùwéè, èmi tí mo ń hanrun.

Mo pe ìyá náà lọ́sibítù. Mi ò sọ ti ojú.
Mo ní ó ń jẹun. Mo ní ó ń sùn.
Irọ́ kò sí níbẹ̀; ọ̀rọ̀ ló kù níkùn.
Ó ní kí n gbé fóònù sí i létí. Mo gbé e sínú àrọ.
Ohùn rẹ̀ kún ibẹ̀,
ìrù bẹ̀rẹ̀ sí í na ilẹ̀, pá, pá, pá,
omi dà lójú tó sàn, ó dà lójú tí kò sàn,
mi ò mọ èwo ni oògùn.

Wọ́n ní ọgbẹ́ ti jinná báyìí.
Àpá funfun kan kù níbẹ̀, bí ìrẹsì ẹyọ kan tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì.
Ìyá Halínà yóò rí i. N óò ní láti wí.
Aago méjì òru ṣì ń jí mi.
Kò sí oògùn lọ́wọ́ mi mọ́. Mo na ọwọ́ sínú òkùnkùn,
imú tútù kan pàdé rẹ̀ lágbedeméjì.